Wideband inú brain box àti wideband tòde: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ti yọ brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹńjìnì) tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, tó fẹ́ fi MegaSquirt, Speeduino, Link tàbí Haltech rọ́pò rẹ̀, kò lè ṣe kó má ra wideband, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ inú páìpù èéfín tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ sí epo gan-an. Sẹ́ńsọ̀ narrowband tó wà lára Civic tàbí Golf tẹ́lẹ̀ kì í kọjá vóòtì 0 sí 1. Tó bá ti tó nǹkan bí 0.45, ó ti yí padà. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé epo pọ̀ jù tàbí pé kò tó, ní àyíká 14.7, ìyẹn kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò bẹntiróòlù kan. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nǹkan bí 12.5 sí 13 lẹ ń wá. Ẹńjìnì onítọ́bò ń fẹ́ nǹkan bí 11.5 sí 12. Níbẹ̀ yẹn, narrowband ti di afọ́jú.

Àwọn tó ń rà máa ń jiyàn lórí orúkọ tó wà lára páálí. Sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9 kan náà ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ọ̀nà tí ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ń gbà dé inú brain box ni kí ẹ fi yan tiyín.

LSU 4.2 tàbí 4.9?

4.9, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. 4.2 ń fi afẹ́fẹ́ ìta tó ń gba ara wáyà wọlé ṣe òṣùwọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ kí a máa tú u síta lóòrèkóòrè ká tún un wọ̀n. 4.9 kò nílò afẹ́fẹ́ ìta yẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà ẹ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Nọ́mbà LSU 4.9 tó wọ́pọ̀ jù ni 0 258 017 025.

Tinú àti tòde

ECUMaster EMU Black, Link Fury àti Haltech Nexus R5 ní ẹ̀rọ wideband nínú ara wọn. R5 tilẹ̀ gba sẹ́ńsọ̀ méjì. Sẹ́ńsọ̀ nìkan lẹ máa rà, wáyà rẹ̀ á sì lọ tààrà sínú brain box. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé brain box fúnra rẹ̀ ló ń darí iná tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná, ó sì lè dúró dìgbà tí ẹńjìnì bá ṣiṣẹ́ kó tó tàn án. Omi máa ń dúró nínú páìpù èéfín tí ọkọ̀ bá sun ìta mọ́jú. Tí ẹ̀kán omi bá kan séràmíìkì tó ti gbóná, yóò sán. Tí ẹ kò bá tíì ra brain box, tí owó yín sì ká a, irú èyí ni ká rà.

MegaSquirt àti Speeduino kò ní in, Haltech Elite náà kò ní in. Àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ ẹ̀rọ tòde. Elite ń gba tirẹ̀ lórí CAN (wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), nọ́ńbà ló sì ń gbà níbẹ̀, kì í ṣe vóòtì, nítorí náà áàtì (earth) tí kò dára kò lè yí i padà. Àwọn tó ń fi vóòtì ránṣẹ́ ni ìṣòro wọn pọ̀:

| Ẹ̀rọ | Vóòtì | Afẹ́fẹ́ sí epo | Àṣìṣe tí vóòtì 0.1 ń dá sílẹ̀ |
|---|---|---|---|
| AEM X-Series | 0.5 sí 4.5 | 8.5 sí 18.0 | 0.24 |
| Innovate LC-2 | 0 sí 5 | 7.35 sí 22.39 | 0.30 |
| Spartan 3 | 0 sí 5 | 10 sí 20 | 0.20 |

AEM ní géèjì tirẹ̀, kò sì béèrè pé kí ẹ wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́. LC-2 ń béèrè bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ wà níta kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ páìpù. Lára LC-2, wáyà yẹ́lò ni ti wideband. Búráùn ń ṣe bíi narrowband, òun sì ni àwọn kan máa ń so mọ́ brain box tí nọ́ńbà á kàn máa fò sókè sódò.

Nọ́ńbà inú táàbù yẹn ni kí ẹ kọ sínú TunerStudio, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń tò brain box. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá so AEM, tí wọ́n sì fi ti LC-2 sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ní 12.5, AEM ń fi vóòtì 2.18 ránṣẹ́, brain box á kà á sí 13.9. Ẹni tó ń tò ó á máa da epo kún ẹńjìnì tí epo rẹ̀ ti tó.

Áàtì

Ibí la fẹ́ kó tètè yé àwọn rewire (oníná ọkọ̀). Iná tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná lè fa tó ampere 3. Tí ó bá ń gba áàtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, áàtì ẹ̀rọ náà á ga ju ti brain box lọ, nọ́ńbà á sì ga: brain box á rò pé epo kéré. Tó bá jẹ́ ti brain box ló ga, nítorí injector àti coil ń gba áàtì tí kò mọ́ kọjá, òdìkejì ni: yóò ní epo pọ̀, ẹ ó dín in kù, pisítìn lè yọ́ lórí títì Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ jẹ́ kí áàtì méjèèjì lọ sí ojú kan náà lára bulọ́ọ̀kù ẹńjìnì. Tí ẹ̀rọ bá ní áàtì ọ̀tọ̀ fún vóòtì tó ń fi ránṣẹ́, bíi AEM, ẹ so ìyẹn mọ́ áàtì sẹ́ńsọ̀ brain box. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣínà ọkọ̀, kí ẹ fi mítà wọn àárín áàtì méjèèjì. Tó bá ti ju vóòtì 0.02 lọ, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó tò ó. Iná bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀, kó sì wá láti ibi tó ń kú nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀.

Ojú ihò

Ojú ìdè rẹ̀ jẹ́ M18 × 1.5, bíi ti narrowband. Nítorí náà, ẹ fún wẹ́dà ní narrowband tó ti kú kó fi dí nọ́ọ̀tì náà nígbà tó bá ń jó o mọ́ páìpù, kí ojú ìdè má bàa yẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó fi wideband tuntun ṣe é. Ká ní páìpù jẹ́ ojú aago, láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ni kí sẹ́ńsọ̀ kọjú sí lára rẹ̀, kí omi lè ṣàn kúrò lára rẹ̀. Kó wà lẹ́yìn ibi tí páìpù gbogbo sílíńdà ti pàdé, kó sì wà ṣáájú kátálíìsì. Tí tọ́bò bá wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni, ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, torí pé agbára ìtì èéfín tó wà níwájú tọ́bò ń yí nọ́ńbà padà. Sípánà 22 lẹ ó fi dè é, 40 sí 60 Nm.

Tí páìpù bá ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, nọ́ńbà á sọ pé epo kéré. Pọ́lọ́ọ̀gì tí kò jó náà ń fa irú irọ́ kan náà, nítorí ọ́síjìn tí kò jó ni sẹ́ńsọ̀ ń rí.

Ohun tó ń pa á

Ká máa wa ọkọ̀ nígbà tí a kò tíì so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ iná: èéfín á dí i pa ní tútù. Gọ́ọ̀mù sílíkóònì lásán tí wọ́n fi ń dí gásíkẹ́ẹ̀tì náà ń pa á, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹńjìnì tó ń mu ọ́ìlì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LSU ní rẹ̀sísítọ̀ kékeré tí Bosch fi wọn sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an. Tí rewire bá gé e kó lè so wáyà ní tààrà, òṣùwọ̀n náà ti lọ.

Fún ìdí yìí kan náà, ẹ má ra tòkúnbọ̀ rẹ̀ ní Tàíwò tàbí níbikíbi. Iná rẹ̀ lè tàn, kí nọ́ńbà tó ń sọ sì jẹ́ irọ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí pisítìn á fi sọ fún yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ kankan, ẹ béèrè iye tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ nìkan ń lọ, kẹ́ ẹ sì fi nọ́mbà ara irin wé ti páálí.