Àyẹ̀wò PostgreSQL: bí ó ṣe ń tú deadlock

Ohun tí mo mọrírì jù lọ nínú PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà ọ̀fẹ́, ni ọwọ́ tí ó fi ń mú deadlock, ìyẹn ni ìgbà tí iṣẹ́ méjì bá ń dúró de ara wọn, tí kò sì sí èyí tí ó lè tẹ̀ síwájú. Bí iṣẹ́ kan bá fi àgádágodo sí àkáǹtì Àdùkẹ́, tí ó ń wá ti Báyọ̀, tí iṣẹ́ kejì sì ti tilẹ̀kùn ti Báyọ̀, tí ó ń wá ti Àdùkẹ́, wọn ì bá dúró títí láé. Ṣùgbọ́n bí ìdúró náà bá ti pé ìṣẹ́jú àáyá 1, PostgreSQL yóò wádìí, yóò sì fagi lé ọ̀kan kí èkejì lè parí. Mo gbà pé ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ dúró, nítorí ìwádìí náà ń gba agbára kọ̀ǹpútà. Àbùkù rẹ̀ lójú mi ni pé a kò lè sọ tẹ́lẹ̀ èyí tí yóò fagi lé, àwa fúnra wa ni a ó sì tún un gbé kalẹ̀.