Orin BLO: Àwo Àkọ́tẹ̀, Àwo Àtúntẹ̀ àti Síìdì, Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ máa kó orin BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti Èkó, jọ lónìí ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú rẹ̀. Ó lè wá àwo àkọ́tẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí orin kọ́kọ́ jáde: Chapter One tí ilé-iṣẹ́ EMI tẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1973 àti àwọn tó tẹ̀ lé e lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Afrodisia. Ó lè ra àwo àtúntẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní òkè òkun. Ó sì lè ra síìdì Phases 1972–1982 tí ilé-iṣẹ́ Strut gbé jáde lọ́dún 2001. Mo ní síìdì náà, mo ní àtúntẹ̀ Chapter One, mo sì ti fi owó gidi ra àkọ́tẹ̀ rẹ̀ rí.

Bí Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu ṣe kúrò nínú ẹgbẹ́ Salt tí wọ́n bá Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, tí wọ́n dá BLO sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé rọ́ọ̀kì psychedelic, ìyẹn rọ́ọ̀kì tó ń dún bí àlá, kalẹ̀ ní Èkó, kò nílò àtúnsọ fún ẹni tó ti ń wá àwo wọn. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ rà á ni pé orin inú Chapter One kì í dún ní déédéé kan náà: gìtá a rọra máa lọ, lójijì a gbéra sókè pẹ̀lú ohùn líle, a sì tún padà rọlẹ̀. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò lè fara da àwo tó ti gbó.

Ọlọ́jà tó ta àkọ́tẹ̀ fún mi ya fọ́tò àwo náà nínú oòrùn. Ó ń dán, kò sí ibi tó ti họ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí tuntun ló rí. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ìbẹ̀rẹ̀ Preacher Man jáde dáadáa, ṣùgbọ́n bí gìtá Jones ṣe ń ròkè ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ìró idẹ ara ìlù Akins sì ń ta bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Nígbà tí mo yí ojú kejì tí mo sì dé orí Chant to Mother Earth, tí ó jẹ́ pé ìrọ̀rùn inú rẹ̀ gan-an ló mú kí n wá àwo náà, ariwo abẹ́lẹ̀ ti bo orin mọ́lẹ̀. Ọlọ́jà náà kò gba àwo rẹ̀ padà. Ó ní ẹ̀rọ mi ni kò dára.

Irú ìbàjẹ́ yìí kì í hàn sí ojú lásán. Ní àwọn ọdún 1970, apá rédíògíráàmù ọ̀pọ̀ ilé wúwo, wọn kì í sì í tètè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá ti gbó a máa gé ògiri ìlà tí orin wà nínú rẹ̀, pàápàá níbi tí orin bá ti le, àti níbi tó sún mọ́ àárín àwo. Kò sí fífọ̀ tó lè dá ohun tí abẹ́rẹ́ ti gé lọ padà, bẹ́ẹ̀ fífọ̀ yìí náà ló ń mú kí àwo dán nínú fọ́tò. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra àkọ́tẹ̀ tí ẹ kò tíì gbọ́. Bí ọ̀nà bá jìn, kí ọlọ́jà fi ẹ̀rọ gba orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ ní kó ya fọ́tò ihò àárín àwo náà pẹ̀lú: bí àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ bá pọ̀ lórí bébà tó yí ihò náà ká, a jẹ́ pé ọwọ́ ti gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ láìmọye ìgbà, ohun yòówù tí ọlọ́jà ìbáà sọ.

Ní ti páálí, àkọ́tẹ̀ ló lẹ́wà jù. Ní ti owó, kò sí ìfiwéra, nítorí owó àkọ́tẹ̀ kan lè ra ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀. Àwo tó ti wọ́ nítorí ooru kò yẹ ní rírà rárá.

Àtúntẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ara àwo àlòkù ni wọ́n ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ ó sì máa gbọ́ ìró eruku lára àwo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ọ̀rá. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí: ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ yóò kọ ẹni tó fún un láṣẹ síbẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì sí mi, nítorí ó yẹ kí owó orin dé ọwọ́ àwọn tó kọ ọ́. Èyí tí mo ní dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín orin sí orin, mo sì ń gbọ́ báàsì Odumosu nínú rẹ̀ ketekete.

Síìdì Phases ló dára jù fún ẹni tí kò tíì mọ ẹgbẹ́ náà, torí ó ṣa orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kúrò nídìí gìtá líle bọ́ sórí ijó. Ẹni tó bá mọ̀ pé Akins yìí kan náà ló darí iṣẹ́ àwo Ace fún Sir Shina Peters lọ́dún 1989 yóò gbádùn ìrìn àjò náà gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé kò kó Chapter One tán.

Ẹni tó ń kó àwo jọ fún ìtàn, tó lówó lọ́wọ́, tó sì lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àwo kó tó sanwó, kí ó wá àkọ́tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin náà bí ó ti yẹ, kí ó ra àtúntẹ̀ Chapter One tó ní àṣẹ, kí ó fi síìdì tì í, kí ó sì fi ìyókù owó náà wá Phase II àti Step Three, tí méjèèjì jáde lọ́dún 1975, kí ó tó kan Phase IV ti 1976.