Ráútà Tí Ń Já Lemọ́lemọ́: Ìfiwéra Ohun Tí A Lè Rà àti Ohun Tí Kò Tíì Yẹ Kí A Rà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń wá ráútà tuntun ni kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe èyí tí ó wà nílé. Gbogbo rẹ̀ ni a ń pè ní “nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára”, bẹ́ẹ̀ ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àìsàn náà ti lè wá: iná tí ń wọ inú ẹ̀rọ, íntánẹ́ẹ̀tì tí ń ti ìta wọlé, àti Wi-Fi tí ẹ̀rọ náà ń fọ́n ká inú ilé. Ohun tí a bá rà fún ọ̀kan nínú wọn kò ní wo èkejì sàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi àwọn ọjà wọ̀nyí wéra gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí oògùn kọ̀ọ̀kan wà fún, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iye ẹ́ríà tí ó dúró ṣánṣán lórí wọn.

Àyẹ̀wò tí ó ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ mú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó sábà máa ń bá ráútà wá nínú páálí, kí ẹ fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò tí a kọ LAN sí lára rẹ̀, kí ẹ sì máa wo fídíò lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá ń lọ geerege lórí wáyà ṣùgbọ́n tí fóònù ń fà nínú yàrá, ọ̀dọ̀ Wi-Fi ni ẹjọ́ wà. Bí ó bá ń já lórí wáyà pẹ̀lú, tí àwọn iná wínníwínní ara ẹ̀rọ kò sì kú, ìta ni wàhálà ti ń bọ̀. Bí àwọn iná náà bá kú, tí wọ́n sì tún ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ṣájà tuntun, UPS kékeré, tàbí inverter

Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ni ó ń lo 12V, a sì máa ń kọ ọ́ sára ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú iye A, bíi 1A tàbí 1.5A. Ṣájà tí ó ti gbó lè máa tan iná ara ẹ̀rọ dáadáa, síbẹ̀ kí agbára rẹ̀ má tó nígbà tí fóònù mẹ́fà bá so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ náà yóò sì kú, yóò sì tún jí. Ṣájà ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ohun tí mo máa dárúkọ, òun sì ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti kọ́kọ́ pààrọ̀. Iye V rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu gan-an. Iye A lè ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i.

Inverter ńlá dára fún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti yanjú ti ráútà. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi ìṣẹ́jú-àáyá bíńtín ṣòfò kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA, bíńtín yẹn sì tó láti pa ráútà, tí yóò wá gba ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó padà sójú ìlà. Èmi náà ti ń wá owó ráútà tuntun kiri Ìbàdàn kí n tó kíyè sí i pé ìgbà tí iná bá lọ tàbí tí ó bá dé nìkan ni tèmi máa ń já. UPS kékeré, èyí tí ó jẹ́ àpótí bátìrì tí a so sí àárín ṣájà àti ráútà, kì í ní àlàfo bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún lára rẹ̀ ni iye mAh (ìyẹn bí iná tí bátìrì lè tọ́jú ti pọ̀ tó) tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ti bátìrì inú rẹ̀ ni, tí ó sábà máa ń jẹ́ 3.7V, kì í ṣe ti 12V. 8800mAh ní 3.7V kò ju nǹkan bíi 32Wh lọ, ìyẹn iná 32W fún wákàtí kan, nítorí náà ráútà tí ń jẹ 8W kò ní lò ó tó wákàtí mẹ́rin, ohun yòówù kí ẹni tí ń tà á sọ. Ẹni tí ó bá ń lo Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, kí ó mọ̀ pé àwo rẹ̀ ń jẹ iná ju ráútà lásán lọ fíìfíì. UPS kékeré yìí kò lè gbé e.

Ráútà oní-síìmù: Cat 4, Cat 6 tàbí 5G

Bí ìta bá ni àléébù ti ń wá, ẹ ṣí ojú ìwé ìṣètò ráútà yín (àdírẹ́sì rẹ̀, bíi 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà) kí ẹ sì wá nọ́ńbà tí a ń pè ní RSRP, èyí tí ń sọ bí agbára òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín tó. Bí ó bá wà ní nǹkan bíi -80, òpó ń dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa. Bí ó bá ti lọ sí -110, kò sí ráútà tí yóò ṣe iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí òpó, kí ẹ sì tún nọ́ńbà náà wò.

Cat ni ìpele eré tí ẹ̀rọ 4G lè sá. Ẹ̀rọ Cat 4 kò lè gba ju 150 megabit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, Cat 6 lè gba 300, nítorí pé ó lè gba ojú ọ̀nà méjì pọ̀ lọ́dọ̀ òpó lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìwé ni iye wọ̀nyẹn wà o. Àmọ́ ẹni tí òpó àdúgbò rẹ̀ ń kún fọ́fọ́ ní alẹ́ yóò rí ànfààní ọ̀nà méjì yẹn ju ẹlòmíràn lọ. 5G sàn ju méjèèjì lọ níbi tí ó bá dé. MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2022, Airtel sì tẹ̀ lé e ní 2023, ṣùgbọ́n ó lè wà ní òpópónà kan kí ó má sí ní èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ yá fóònù 5G lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ gbé e dúró níbi tí ráútà yóò wà gan-an, kí ẹ tó yọ owó.

Ráútà tí a tì mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo máa ń dínwó ju èyí tí ó gba síìmù gbogbo. Mo fara mọ́ èyí tí ó gba gbogbo síìmù, kódà bí owó rẹ̀ bá lé, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó dùn lónìí lè kan lọ́la.

Wi-Fi 4, Wi-Fi 5 àti Wi-Fi 6

Wi-Fi 4 ti wà láti 2009, púpọ̀ nínú àwọn tí ó rọjú lọ́jà sì ń lo 2.4GHz nìkan. Ojú ọ̀nà yìí ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5GHz lọ, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù lórí rẹ̀: Bluetooth wà níbẹ̀, máíkírówéèfù ilé ìdáná wà níbẹ̀, ráútà gbogbo ará ilé sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta péré, ìyẹn 1, 6 àti 11, ni kì í gorí ara wọn, nítorí náà ẹ yan èyí tí aládùúgbò kò lò nínú ìṣètò kí ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ náà kò dára mọ́.

Wi-Fi 5 ń lo 5GHz, tí ó yára, tí ọ̀nà inú rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti pa á. Wi-Fi 6, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀ ní 2019, ń lo méjèèjì, ibi tí ó ti ta wọ́n yọ sì ni ilé tí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà pọ̀ sí, torí pé ó lè dá àwọn púpọ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè sọ íntánẹ́ẹ̀tì 20 megabit di 50. Fún ilé tí ènìyàn mẹ́rin wà, tí ohun tí ń ti ìta wọlé kò tó 50, Wi-Fi 5 tó. Ẹ ṣá wo ihò wáyà rẹ̀ dáadáa: ráútà tí wọ́n kọ AC1200 (àmì eré Wi-Fi rẹ̀) sí lè ní ihò tí kò gba ju 100 megabit lọ, èyí tí yóò di ìdènà fún ẹni tí ó ra fáíbà 200 megabit.

Èyí tí ó máa gbé Wi-Fi dé yàrá ẹ̀yìn

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. Ojú fèrèsé ni ráútà oní-síìmù ti ń rí òpó, àárín ilé ni Wi-Fi ti ń tàn ká. Ẹ̀rọ kan kò lè jókòó sí ibi méjèèjì. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń ra extender, ẹ̀rọ tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ráútà, ó sì ń tún un sọ. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ojú ọ̀nà kan náà gbọ́ kí wọ́n tó fi sọ ọ́, eré sì ń dín sí ìdajì. Bí ẹ bá sì fi í sí yàrá tí Wi-Fi kò ti dára, àìdára náà ni yóò máa pín kiri.

Mesh sàn jù ú lọ. Ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta ni, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, fóònù sì ń bọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì bí a ti ń rìn. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ògiri búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn kò sì ní tìtorí pé ó wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ náà gbọ́ ara wọn.

Èyí tí mo yàn ju gbogbo wọn lọ ni wáyà. Wáyà Cat5e (Cat ti wáyà nìyí, kì í ṣe ti ráútà oní-síìmù) ń gbé gigabit kan, ìyẹn 1000 megabit, dé 100 mítà, ráútà àtijọ́ tí ẹ fẹ́ jù sílẹ̀ sì lè wà ní òpin rẹ̀: ẹ pa DHCP inú rẹ̀, ìyẹn ohun tí ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà kí ó má bàa bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, kí ẹ sì so LAN mọ́ LAN. Ó gba lílu ògiri, kò sì rẹwà lójú àlejò, ṣùgbọ́n kì í já. Lọ́jà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà náà kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò ni, ẹ dá a padà.

Fún ráútà fúnra rẹ̀, ẹ béèrè WPA3, ètò ààbò Wi-Fi, ẹ wò ó bóyá NCC, àjọ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí irú rẹ̀, kí ẹ sì mú síìmù yín lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tàn án níṣojú yín.