Mass Effect Legendary Edition: iṣẹ́ alárinà ló dùn jù níbẹ̀

Ìbọn yíyìn pọ̀ nínú géèmù yìí, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni bí àwọn ọmọ ọkọ̀ òfuurufú Normandy ṣe ń bá ara wọn tage lẹ́yìn ọ̀gá wọn, Shepard, tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta géèmù máa ń darí. Géèmù 3 ti BioWare (2007, 2010 àti 2012) ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n kó pọ̀ ní 2021.

Lórí kọ̀ǹpútà, 120 GB ni ààyè tó fẹ́. Ẹ ro ti dátà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ti PS4 ní ọjà Banex l'Abuja, kó ṣí páálí rẹ̀ wò kó tó sanwó: CD 2 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń fẹ́ra wọn, Garrus àti Tali ló wù mí jù. Ẹ̀yà turian ni ọkùnrin, ẹ̀yà quarian ni obìnrin, wọn kì í ṣe ènìyàn, oúnjẹ ènìyàn ò sì bá ara ìkankan nínú wọn mu. Ní géèmù kejì, ẹ mú àwọn méjèèjì dání lọ sí Citadel, ibùdó ńlá tó wà lójú òfuurufú. Garrus á béèrè bóyá àárò ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nínú lífìtì ń sọ Tali, Tali á ní rárá. Kò jáwọ́, ni ọmọbìnrin bá rán an létí pé ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ òun. Tage gidi nìyẹn!

Kí ọ̀rọ̀ wọn tó lè wọ̀, Shepard ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ ṣe loyalty mission (iṣẹ́ àdáni tẹ́ ẹ máa bá wọn ṣe) àwọn méjèèjì, kẹ́ ẹ sì ra Thanix Cannon, Multicore Shielding àti Heavy Ship Armor fún ọkọ̀, torí ẹ̀mí ló máa bá a lọ tí wọn ò bá sí. Nínú ogun ìparí, ẹ rán Tali gba inú páìpù, kí Garrus darí ikọ̀ kejì.

Rannoch, ìlú ìbílẹ̀ àwọn quarian, ní géèmù kẹta, ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Àwọn quarian ń bá geth, ẹ̀rọ tó ń ronú, jà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbè sẹ́yìn geth láìparí ìjà, Tali á bẹ́ sílẹ̀ láti orí òkè, ó parí nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò nílùú nígbà ẹjọ́ rẹ̀ ní géèmù kejì, kí Legion, geth tó wà lọ́dọ̀ yín, wà láàyè, kẹ́ ẹ sì ṣe iṣẹ́ Admiral Koris àti Geth Fighter Squadrons ṣáájú iṣẹ́ tó ń jẹ́ Priority: Rannoch. Ẹ save sọ́tọ̀ níbẹ̀. Iná kì í dágbére. Kẹ́ ẹ tó lọ kọlu ibùdó àwọn ọ̀tá tó ń jẹ́ Cerberus, ẹ yọjú sí Main Battery, yàrá ìbọn ńlá inú ọkọ̀: wọ́n á ti dì mọ́ra.

Ti Joker, awakọ̀, àti EDI, ẹ̀rọ onílàákàyè inú ọkọ̀, ẹnu yín ló máa so wọ́n pọ̀. Ẹ wá wọn lọ sí Purgatory, ilé ọtí kan ní Citadel. Ti Ken àti Gabby, ẹnjiníà inú ọkọ̀, kò le: tí wọ́n bá ti jí àwọn ọmọ ọkọ̀ gbé ní géèmù kejì, ẹ lọ gbà wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wá tọrọ ìdáríjì fún wọn ní Spectre Office tó wà ní Citadel ní géèmù kẹta.

Jacob, ọmọ ọkọ̀ yín ní géèmù kejì, àti Brynn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ni mi ò lè gbóríyìn fún. Shepard obìnrin tó ti fẹ́ Jacob ní géèmù kejì á kàn dé géèmù kẹta bá a pẹ̀lú ẹlòmíràn, oyún sì ti wà nínú Brynn. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè yàn tó máa yí i padà.