Ìjàpá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti lágbára sí i: ká tún bíréèkì drọ́ọ̀mù ṣe ni, àbí ká ra ti dísìkì?

Bíréèkì drọ́ọ̀mù (agolo irin tí ṣúù ń tẹ̀ mọ́ láti inú) ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Ìjàpá Volkswagen tó ṣì ń rìn nílẹ̀ yìí, ó sì tó fún ẹ́ńjìnnì 1300 cc. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ẹ́ńjìnnì di 1641 tàbí 1776, tí kábúrétọ̀ di méjì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ń tẹ bíréèkì láti orí eré kìlómítà 110 ní wákàtí dípò 80, ooru tí bíréèkì rẹ̀ ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ní ti ooru, dísìkì (àwo irin tí páàdì ń fún mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì) ló borí. Drọ́ọ̀mù tó bá gbóná máa ń fẹ̀, á sá fún ṣúù, pẹ́dàlì á wá máa lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí mọ bó ṣe ń rí. Inú atẹ́gùn ni dísìkì wà ní tirẹ̀, bó bá sì fẹ̀, ọ̀dọ̀ páàdì ló ń fẹ̀ sí.

Ní ti omi òjò, dísìkì náà ni.

Ní ti agbára ẹsẹ̀, drọ́ọ̀mù ni. Ìjàpá kò ní servo, ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Yíyí drọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ń fa ṣúù kan mọ́ra, dísìkì kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé pẹ́dàlì máa fúyẹ́ nítorí ó ra dísìkì, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ibi tí owó ti ń wọgbó ni máàsítà sílíńdà, èyí tí pẹ́dàlì ń tì láti fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí bíréèkì. Òǹtàjà á ní èyí tó wà lára ọkọ̀ ti tó. Ẹ má tètè gbà. Ọ̀pọ̀ máàsítà drọ́ọ̀mù ló ní fálùfù kékeré lẹ́nu, tó ń há agbára ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ inú páìpù. Sípíríǹgì ṣúù lágbára ju ìyẹn lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n dísìkì kò ní sípíríǹgì tó ń fa páàdì sẹ́yìn. Rọ́bà inú kálípà (ohun tó gbé páàdì dání, tó ń fi písítìnì tẹ̀ ẹ́ mọ́ dísìkì) nìkan ló ń dá písítìnì padà díẹ̀. Páàdì á wá máa ha dísìkì ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀pá pẹ́dàlì náà lè fa irú rẹ̀. Àlàfo mìlímítà 1 gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti písítìnì máàsítà, kí pẹ́dàlì fi rìn tó mìlímítà 5 sí 7 lófo. Bí kò bá sí i, písítìnì kò ní padà kọjá ihò tí ọ́ìlì ń gbà pada sínú ike rẹ̀. Ọ́ìlì á gbóná, á wú, bíréèkì á di ọkọ̀ mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì á ní kẹ́ ẹ ra páàdì mìíràn, á ní kẹ́ ẹ fá dísìkì, á ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ béárì, epo á sì máa jó lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tó ti wá rèé. Ẹ fi jáàkì gbé táyà tó di. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà. Bí táyà kò bá yí síbẹ̀, kálípà ló di. Bó bá yí, ẹ dé nọ́ọ̀tì náà padà, ẹ tẹ bíréèkì kó tún di, kẹ́ ẹ wá tú páìpù lẹ́nu máàsítà. Bó bá yí báyìí, fálùfù tàbí ọ̀pá pẹ́dàlì ni. Bí kò bá yí, họ́ọ̀sì tó ti wú nínú ni.

Ìwọ̀n máàsítà náà ṣe pàtàkì. Mìlímítà 19.05 ni ti ọ̀pọ̀ Ìjàpá. Bí písítìnì kálípà bá tóbi, pẹ́dàlì á lọ jìn. 20.64 á jẹ́ kó kúrú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á fi bí ìdá 17 nínú 100 kún agbára rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó dísìkì: ṣé ball joint ni wọ́n fi so táyà iwájú ọkọ̀ yín àbí link pin? Ṣé ríìmù bóòtì mẹ́rin ni àbí márùn-ún? Ṣé ìdérí béárì apá òsì ní ihò onígun mẹ́rin fún wáyà tó ń wọn eré? Bí kò bá ní, aago eré ti kú nìyẹn. Ṣé táyà kò ní máa kan wíńgì? Kẹ́ ẹ sì mú páàdì kálípà tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ sí Ládípò, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, kẹ́ ẹ wò bóyá irú rẹ̀ wà, kẹ́ ẹ tó ra kálípà náà.

Iṣẹ́ drọ́ọ̀mù kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀: ṣúù tuntun, sílíńdà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, họ́ọ̀sì mẹ́rin, kí wọ́n fá inú drọ́ọ̀mù kó rí róbótó, kí ojú ṣúù sì bá a dọ́gba. Ìràwọ̀ méjì, nọ́ọ̀tì eléyín tí wọ́n fi ń sún ṣúù mọ́ drọ́ọ̀mù, ló wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ yí i títí táyà á fi di, kẹ́ ẹ dá a padà ní eyín 3 sí 4, kẹ́ ẹ tẹ pẹ́dàlì, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ "bíréèkì tí kò mú" kò ju ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yí láti ọdún mẹ́ta lọ. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì: tuntun rẹ̀ kì í hó kó tó pé 230°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi lè hó ní 155°C.

Ẹni tó ní 1776, tó ń sáré lọ́nà jíjìn, kó ra dísìkì, kí gbogbo rẹ̀ pé láti ọwọ́ ẹnì kan, pẹ̀lú máàsítà tirẹ̀. Ẹni tó ń wa 1641 láàárín ìlú, drọ́ọ̀mù tó. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì, ọ́ìlì àti bíréèkì ẹ̀yìn, dísìkì kò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ṣe wọ́n pọ̀ mọ́ drọ́ọ̀mù ná, kẹ́ ẹ wà á fún oṣù kan, kẹ́ ẹ tó béèrè iye dísìkì.