Òǹtẹ̀ ara fàdákà: 925, 999, 800 àti EPNS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ̀gbà ọwọ́ kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Balógun ni mo ti rà á, lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi. 925 hàn ketekete lára ìkọ́ rẹ̀, ẹni tó tà á sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣá láéláé. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ibi tó máa ń ha tábìlì fi pọ́n bíi bàbà. Ìkọ́ yẹn nìkan ló ṣì funfun títí dòní. Fàdákà ni ìkọ́ lóòótọ́, ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ ni kì í ṣe fàdákà. Nọ́ńbà tí mo kà kò purọ́. Ìkọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ to àwọn òǹtẹ̀ tí ẹ máa ń rí lórí igbá àwọn tó ń ta fàdákà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

925 àti 999

Bí a bá pín ohun tó ní 925 sí ìdá 1,000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà, ìdá 75 tó kù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Òun kan náà ni "Sterling", "Ster" àti "S925". 999 ní tirẹ̀ ni fàdákà tí wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pò mọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nígbà tí 999 pọ̀ ju 925 lọ, òun ló yẹ kí àwọn máa wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ bí owó. Ó ti rọ̀ jù. Òrùka rẹ̀ á tẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ á là, òkúta tí wọ́n dè mọ́ ọn á já bọ́. Bàbà inú 925 ló fún un lágbára. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ óò máa wọ̀ nínú dánfó láàárọ̀ àti lálẹ́, 925 ni kí ẹ mú.

800 àti 835

Jámánì àti Ítálì ni púpọ̀ nínú àwọn ohun àtijọ́ tó ní òǹtẹ̀ yìí ti wá. Ẹ má pè é ní ayédèrú, ojúlówó fàdákà ni, bàbà inú rẹ̀ ló kàn pọ̀ sí i. Ẹ̀wọ̀n ọrùn 20 gíráàmù tó jẹ́ 925 ní fàdákà 18.5 gíráàmù nínú; tó bá jẹ́ 800, gíráàmù 16 ni. Ẹni tó bá ta méjèèjì fún yín ní iye kan náà ti rẹ́ yín jẹ.

EPNS, German silver, Alpaca

Ibí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ. Orúkọ ló ń tàn wá jẹ. Kò sí fàdákà kankan nínú German silver, bó ti wù kó kéré mọ: bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti sínkì ni wọ́n pò pọ̀ tó fi funfun. Alpaca náà nìyẹn. EPNS ni irú rẹ̀ kan náà tí wọ́n fi iná mànàmáná bo fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé lórí. Ó dára fún àwo àti ṣíbí. Fún yẹtí, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí níkẹ́ẹ̀lì máa ń yún etí ẹlòmíràn títí tí á fi wú.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa. Fàdákà gidi máa ń dúdú, pàápàá níbi tí òógùn àti èéfín pọ̀ bíi Èkó. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, á tún dán. Èyí tí wọ́n kàn bò kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ ṣe ń nù ún ni awọ rẹ̀ ń bó, tí àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ìyẹ̀fun gàrí á yọ lábẹ́. Òun ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbà mi.

Ta ló lu òǹtẹ̀ náà?

Nọ́ńbà 925 nìkan, ẹnikẹ́ni tó bá ní irin tí wọ́n fi ń lù ú lè lù ú. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Láti ọdún 1544 ni wọ́n ti ń lu àwòrán kìnnìún tó ń rìn sára fàdákà níbẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ló ń lù ú, kì í ṣe ẹni tó ṣe é, ilé náà á sì fi àmì tirẹ̀ kún un. Ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Lónìí, fàdákà tó bá ti ju 7.78 gíráàmù lọ kò gbọ́dọ̀ dórí igbá níbẹ̀ láìní òǹtẹ̀. Ní Ítálì, ẹ wá ìràwọ̀ kékeré, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é àti lẹ́tà méjì tó ń tọ́ka ìlú, bíi AR fún Arezzo. Ọ̀rọ̀ "Italy" lásán kò tó.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ohun tí ẹ fẹ́ rà wò fúnra yín, mágínẹ́ẹ̀tì á fà á bí irin bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fa bàbà, nítorí náà pé kò fà á kò sọ ọ́ di fàdákà. Yìnyín máa ń tètè yọ́ lórí fàdákà. Ó ń tètè yọ́ lórí bàbà náà. Alágbẹ̀dẹ fàdákà tó ha ibi kọ́lọ́fín kan lára rẹ̀, tó kán ásíìdì sí i, ni mo gbára lé. Bó bá hó tó di àwọ̀ ewé, bàbà ló wà lábẹ́.

Ní báyìí, ara ẹ̀wọ̀n ni mo ń wò kí n tó wo ìkọ́, kámẹ́rà fóònù ni mo sì fi ń sún un mọ́ra. Mo máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sórí ìwọ̀n." Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ "925" àti iye gíráàmù rẹ̀ sínú rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹ̀wọ̀n àti ìkọ́ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ní Ìdúmọ̀tà ní, "Kọ́sítọ́mà mi, ìkọ́ nìkan ni mo lè kọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì dá a padà sórí igbá.