Ilé físíò tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá oníwàǹwára dúró

Ọkọ mi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, àmọ́ èmi ni mo ń kọ èyí, torí bó bá jẹ́ òun ni, á ti sọ fún yín pé òun ti lè sáré. Iṣan inú orúnkún rẹ̀ ló já nídìí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì mú iṣan mìíràn lára òun náà fi rọ́pò rẹ̀. Ilé físíò, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá mú ara padà bọ̀ sípò, tó gbà á lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọ̀lẹ ló ń yọ físíò lẹ́nu. Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà 10 tó gbé e nígbà 40, tó ju ọ̀pá abẹ́ abíyá sí kọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ, òun gan-an ni iṣẹ́. Bàbá Dáre, ọkọ mi, nìyẹn. A ti pòwe sùúrù fún un títí, kò wọ̀ ọ́ létí.

Obìnrin físíò tó ń tọ́jú rẹ̀ kò pòwe kankan. Lọ́jọ́ tí orúnkún náà wú, torí pé ọkùnrin yìí ti ń gbé irin lóṣòó níkọ̀kọ̀, ó ní kó na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún lọ sókè, ó wá ra ẹ̀gbẹ́ ìta bọ̀ nísàlẹ̀. Omi tó wà níbẹ̀ rọra wú padà sí ẹ̀gbẹ́ inú, gbogbo wa rí i. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é, sà." Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń yẹ ara rẹ̀ wò: bí omi bá yọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà á dín kù, bí kò bá yọ, ó lè fi díẹ̀ kún un. Orúnkún ló wá di ọ̀gá, kì í ṣe ìyàwó mọ́. Ẹ ò mọ bí ilé wa ṣe tòrò tó.

Ó tún máa ń ṣàlàyé. Ó ní iṣan tuntun náà kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sí i nígbà tí wọ́n fi í síbẹ̀, ara ló máa tún un ṣe, àti pé láàárín bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, agbára rẹ̀ lè kéré ju ti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ìrora sì máa ń lọ! Nítorí náà, wọn kì í fi ìrora tó lọ dá èèyàn padà sí pápá. Ó kéré tán, ó di oṣù 9, agbára itan náà sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 90 nínú 100 ti ẹsẹ̀ kejì. Ọkọ mi fẹ́ràn ìdíje, nọ́ńbà ló gbọ́.

Kò sì ní kó jókòó lásán. Ó ní kó fi gìgísẹ̀ lé tówẹ̀lì tí wọ́n ká, kí orúnkún lè gún gbọọrọ, kó máa fi ìtara tó kù ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ kejì, ikùn àti apá. Lórí ìwé rẹ̀, iye tó gbọ́dọ̀ ṣe wà níbẹ̀, iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá náà wà níbẹ̀, ó fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Mo rí i tó ń tọ́jú ìyá àgbà kan tí wọ́n fi orúnkún àtọwọ́dá sí lára, tí ẹ̀rù ń bà láti ká ẹsẹ̀. Ìyẹn ló ń rọ̀ pé kó túbọ̀ ká a, torí orúnkún bẹ́ẹ̀ máa ń gan bí a bá fi í sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti pàdánù ìràwọ̀ kan ni ọjọ́ tí wọ́n máa ń kó àwọn aláìsàn jọ ṣe é pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló máa ń darí wọn, igbe "Ẹ fi kún un! Ẹ fi kún un!" ló sì máa ń ké. Fún irú ọkọ mi, bẹntiróòlù lórí iná nìyẹn. Mo fẹjọ́ sùn, wọ́n ní àwọn á wò ó, ṣùgbọ́n igbe náà ò tíì dáwọ́ dúró. Wọ́n tún máa ń yí àkókò padà láìpe èèyàn.

Bí oníwàǹwára bá wà nílé yín, ẹ gbé e lọ. Obìnrin yẹn ni kí ẹ béèrè fún, kí ẹ sì sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ irú èèyàn tí ẹ gbé wá.